Àwọn Ojú Ihò tí Mo Ní Kí Wọ́n Fi Sìmẹ́ńtì Dí

Èmi ni Abigail Àjíkẹ́ Akínlàbí, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ọmọ bíbí Èrúwà ni mí, láti agbo ilé àwọn alágbẹ̀dẹ. Bàbá mi ni ó kọ́kọ́ mọ̀wé nínú ẹbí wa, òun ni ó sì máa ń ka Bíbélì fún ìjọ nígbà tí pásítọ̀ kò bá sí nílé. Olùkọ́ ni mí, ipò ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà tí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn tí ó ń kọ̀wé sí ojú ìwé yìí máa ń fi orúkọ wọn pa mọ́. Wọn kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni kí ó fọwọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ẹrù kan wà lọ́kàn mi tí mo ti ń gbé láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Mo ba iṣẹ́ ọmọ kan jẹ́, mo sì jẹ́ kí ó gbà pé òun fúnra rẹ̀ ni ó bà á jẹ́. Ohun tí ó mú mi sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé wọ́n tún ti pe ọmọ náà sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, ó sì fẹ́ kọ̀ ọ́ nítorí ohun tí mo ṣe. Ìparí oṣù yìí ni yóò fún wọn lésì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ má tíì bú mi títí ẹ ó fi kà á dé òpin.

Èmi ni ìyáálé. Olóògbé ọkọ mi, Ọ̀gbẹ́ni Akínlàbí, jẹ́ olùkọ́ bíi tèmi. Ọlọ́run kò fi ọmọ jíǹkí mi. Nígbà tí ẹbí rẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu títí, ó fẹ́ Àṣàbí, ọmọ Igangan, tí kò ka ìwé kankan, tí ó ń yan gàrí tà.

Àṣàbí bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Títílọlá. Nígbà tí ọmọ náà tó ilé ẹ̀kọ́ lọ, ọkọ mi ní kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, nítorí èmi ni mo mọ̀wé. Bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn. Àṣàbí kò jiyàn. Ó di aṣọ ọmọ náà, ó fà á lọ́wọ́ wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ bá mi sọ ọ́ di ènìyàn."

Mo sọ ọ́ di ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Lórí ibùsùn mi ni ó ti há ìsọdipúpọ̀ sórí. Èmi ni mo ń di irun rẹ̀, èmi ni mo jókòó tì í nígbà tí ìgbóná mú un. Gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Màmá Títí, wọ́n sì ń pe ìyá tí ó bí i ní Ìyá Onígàrí. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ń pè mí ní Màmá. Mo gbà lọ́kàn mi pé Ọlọ́run ti gba ọ̀nà mìíràn dá mi lóhùn.

Síbẹ̀, bí ó bá ti parí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń fún ẹ̀gẹ́ ni yóò sáré lọ. Èmi a máa gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì láti inú yàrá mi. N kò mọ ohun tí ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. N kò sì lè béèrè.

Títílọlá di ẹnjiníà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa la ihò gba abẹ́ ilẹ̀, irú èyí tí ènìyàn lè dúró rìn nínú rẹ̀, kí ó sì fi kọnkéré tẹ́ ara ihò náà kí ilẹ̀ má baà pa á dé. Ó ti ṣe irú rẹ̀ ní òkè òkun kí ó tó padà wálé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èrúwà mọ bí omi ti ń wọ́n wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹsẹ̀ òkè kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ; àbàtà ni lójò, àbàtà ni lẹ́ẹ̀rùn. Títílọlá ní abẹ́ àpáta ni omi náà ti ń wá. Ó ní bí a bá la ihò wọ inú ilẹ̀ tútù yẹn, tí a sì to òrùka kọnkéré sí i láti ẹnu dé ìdí, omi yóò máa sun sínú rẹ̀, yóò sì máa ṣàn jáde sínú táǹkì fún gbogbo àdúgbò. Àwọn ọmọ Èrúwà tí ó wà lẹ́yìn odi gbọ́ bùkátà iṣẹ́ náà. Ìlú yan ìgbìmọ̀ omi, wọ́n sì fi mí ṣe alága.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó mú mi ṣe ohun tí mo ṣe. Ọmọ náà ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó dì mí lọ́wọ́ mú wọ inú ihò náà. Ní ìsàlẹ̀ ògiri, mo rí àwọn ojú ihò kéékèèké tí omi ń gbà wọlé. Lókè, ní èjìká àwọn òrùka náà lọ́tùn-ún àti lósì, ó tún dá àwọn ojú ihò mìíràn sí. Mo béèrè ohun tí ìwọ̀nyẹn wà fún.

"Màmá, ẹ rántí àpò ẹ̀gẹ́ ìyá mi," ni ó wí. "Bí a bá gbé òkúta lé e, omi a máa gba ojú àpò jáde, ara àpò a sì tù ú. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rá ni a dì í sí ńkọ́?"

"Yóò bẹ́," ni mo dáhùn.

"Ẹ gbà á! Erùpẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń ti òrùka yìí o, Màmá. Omi tí ó wà nínú erùpẹ̀ náà ń tì í. Tí òjò bá dé, omi yóò ga kọjá orí wa níbí. Bí ó bá rí ojú ihò òkè yìí gbà jáde, kò sí ìjà. Bí kò bá rí i, ara òrùka ni yóò kó gbogbo agbára rẹ̀ lé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí i o, bí ó tilẹ̀ ń kán sí wọn lórí."

Mo ní mo ti gbọ́. N kò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ àpò ẹ̀gẹ́ yẹn ta mí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò. Nígbà tí ó wá àpẹẹrẹ, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti lọ mú un.

Ó tún kọ́ mi bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ihò náà ń yí padà. Ó gé ọ̀pá méjì. Ọ̀kan ṣe déédéé àlàfo tí ó wà láàárín òkè òrùka àti ilẹ̀, èkejì ṣe déédéé àlàfo ọ̀tún sí òsì. "Roboto ni ó gbọ́dọ̀ máa wà," ni ó wí. "Bí ọ̀pá ìdúró bá gùn jù fún ibi tí ó ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ọ̀pá ìdábùú sì kúrú jù, ilẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nìyẹn, ó ti ń di ẹyin. Ẹ pè mí lójú ẹsẹ̀." Ìbàdàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọjọ́ ọjà ni èmi yóò máa lọ fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n, òun yóò sì pè mí lórí fóònù.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ọkàn mi ti bàjẹ́ ni mo dé báyìí.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ìgbìmọ̀ jókòó ní gbọ̀ngàn ìjọ láti sọ omi náà lórúkọ kí Kábíyèsí tó wá ṣí i. Bàbá Ràímì, àgbàlagbà ìgbìmọ̀ wa tí kì í yé ṣàwàdà, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí la wá ń ṣèpàdé lé lórí? Omi Màmá Títí ni! Ta ni ó tọ́ Ẹnjiníà? Ta ni ó fi pankẹ́rẹ́ kọ ìṣirò sí i lẹ́yìn?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ mi nínú ọkàn.

Títílọlá dìde, òun náà ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ojú pankẹ́rẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí mi, mo bẹ̀ yín, Omi Àṣàbí ni kí a pè é. Orúkọ Màmá wà lára ògiri ilé ẹ̀kọ́, ó wà nínú ìjọ, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Orúkọ ìyá mi kò sí níbì kankan. Orí ni wọ́n fi ru gbogbo omi tí wọ́n fi ṣe gàrí, láti odò, títí irun àtàrí wọn fi re. Ẹ jẹ́ kí omi jẹ́ orúkọ wọn."

Àṣàbí wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó bú sẹ́kún, ó ní, "Títí, èwo ni ti orúkọ mi? Ìyáálé mi ni ó ni ọ́!"

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ó burú jù létí mi. Ó dà bí ẹni pé ó ń bu nǹkan tèmi fún mi jẹ. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

N kì í ṣe ẹni tí ó máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nípa ara rẹ̀. Mo ti jókòó sí iwájú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, mo ti sọ fún wọn pé obìnrin tí ó kàwé kì í jowú orogún. Owú ni ó wà nínú mi lọ́jọ́ náà. N kò ní orúkọ mìíràn tí mo lè fún un.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Kábíyèsí wá, mo lọ bá Mùfútáù bíríkìlà, ará Ayétẹ̀, tí ó to àwọn òrùka náà. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, omi sì ti ń kán láti òkè.

"Mùfútáù, wo òkè yìí. Ṣé kí omi máa kán sí Kábíyèsí ládé ni? Fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ojú ihò òkè, kí o sì kùn ún ní funfun."

"Màmá, Ẹnjiníà kìlọ̀ o. Wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn án."

"Ẹnjiníà náà ni ó rán mi sí ọ."

"Háà. Bó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n rán yín, ó ti parí." Ó po sìmẹ́ńtì.

Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Mo sọ fún ara mi pé nítorí àwọn àlejò ni, pé bí ayẹyẹ bá parí a ó ṣí i padà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń fẹ́. Mo fẹ́ kí ògiri náà sán díẹ̀. Mo fẹ́ kí omi tí ó ń jẹ́ Àṣàbí dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, kí Títílọlá sáré wá bá mi, kí ó ní, "Màmá, kí ni ká ṣe?" N kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà pé n kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí Kábíyèsí wá ṣí i, Títílọlá ni ó ṣáájú àwọn àlejò wọlé. Mo rí i tí ó gbé ojú sókè. "Màmá, òkè ti gbẹ." Mo ní, "Òjò kan ni ó rọ̀. Ilẹ̀ ti fà á mu." Àwọn àlejò ti ń tì í lẹ́yìn, kò ráyè tan tọ́ọ̀ṣì wò ó; ó gbà mí gbọ́. Kò sí ìgbà kan tí kò gbà mí gbọ́ rí.

N kò ní kí Mùfútáù ṣí i mọ́. Gbogbo ènìyàn tí ó bá gbé korobá kọjá ní iwájú ilé wa ni yóò sọ pé, "Ọ̀dọ̀ Àṣàbí ni mo ń lọ." Bí mo bá ti ń gbọ́ ọ, ojoojúmọ́ ni mo ń sún ṣíṣí náà síwájú.

Òjò wá dé ní pẹrẹu. Ní ọjọ́ ọjà kan, mo gbé ọ̀pá ìdúró sí àyè rẹ̀, kò wọ̀ mọ́. Mo ní láti dà á sí ẹ̀gbẹ́ kí ó tó lè gba ibẹ̀. Mo mú ọ̀pá ìdábùú, ó jábọ́ lọ́wọ́ mi, àlàfo ti gbà ju gígùn rẹ̀ lọ. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì sókè. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti là lára òrùka náà. Omi sì ń tú yàà láti àwọn ojú ihò ìsàlẹ̀, bí ẹni tí ń bínú.

Fóònù dún ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

"Màmá, ẹ kú ọjà o. Ọ̀pá ńkọ́?"

"Ó wọ̀."

"Méjèèjì?"

"Ṣé o rò pé n kò mọ ọ̀pá fi wọn nǹkan ni? Méjèèjì."

"Ẹ máà bínú, Màmá mi. Òjò yìí ni ó ń bà mí lẹ́rù."

"Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, rán Àṣàbí kí ó lọ wọ̀n ọ́n. Òun kọ́ ni ó ni omi?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà ni. "Ẹ̀yin náà, Màmá! Ẹ kú iṣẹ́ o."

Irú èsì kan náà ni mo fún un ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀ lé e. Mo lè mú òòlù, kí n pe Mùfútáù, kí a gbẹ́ sìmẹ́ńtì náà kúrò láàárín wákàtí díẹ̀. N kò ṣe é. Bí mo bá ṣe é, wọn yóò bi mí pé ta ni ó dí i.

Ọjọ́ ìsinmi ni ó ya. A wà nínú ìsìn. A gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí tírélà bá da òkúta sílẹ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, òrùka àárín ti wó, ẹrẹ̀ àti omi ti tú jáde láti ẹnu ihò, wọ́n ti gbá táǹkì lọ, wọ́n sì ti bo àgọ́ gàrí Àṣàbí tí ó wà nísàlẹ̀ òkè mọ́lẹ̀, àti ẹ̀rọ rẹ̀ àti agbada rẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú mi, kò sí ènìyàn kankan nínú ihò, kò sì sí nínú àgọ́.

Títílọlá dé lọ́jọ́ kejì. Ó dúró nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà tí ó wọ̀ wá láti Ìbàdàn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń kọjá, wọ́n ń pariwo, "Ọmọ onígàrí ti bu omi sí gbogbo wa o! Ẹ wá ṣúgà!"

Nínú ìpàdé, Bàbá Ràímì kò ṣàwàdà. Ó kọjú sí mi. "Alága, ẹ̀yin ni ẹ ń wọ̀n ọ́n. Ẹ kò rí nǹkan kan?"

Mo ní, "Bí mo ti rí i ni mo sọ fún un."

Títílọlá dá sí i kíákíá. "Bàbá, ẹ má bi Màmá. Gbogbo ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe. Ìṣirò mi ni kò pé. Mo fojú kéré omi."

Ó bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí òun wú àwọn òrùka tí ó fọ́ jáde, kí òun lè yẹ̀ wọ́n wò. Èmi alága ni mo ní ilẹ̀ náà kò tíì fara rọ, pé ẹ̀mí ènìyàn ṣe pàtàkì ju ìwádìí lọ. Ọ̀rọ̀ mi bọ́gbọ́n mu, gbogbo ilé gbà á. Wọ́n kó erùpẹ̀ dí i pa. Ohun tí ìbá dá a láre wà lábẹ́ erùpẹ̀ náà títí di òní.

Mùfútáù wá sí ilé mi. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò jókòó. "Màmá, àwọn ojú ihò yẹn…" Mo bi í pé, "Ọwọ́ ta ni ó dí i? Bí a bá dé téṣàn ọlọ́pàá, ọwọ́ ta ni wọn yóò wò?" Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ padà sí Ayétẹ̀. N kò tíì rí i láti ìgbà náà. Mo bẹ òun náà.

Títílọlá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó lọ sí Ìlọrin, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìṣirò. Àwọn ènìyàn ń bá mi yọ̀ pé ó ti gba iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Èmi ni wọ́n ń pè ní ìyá nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí mo ti ń wá láti ìgbà èwe ọmọ náà tẹ̀ mí lọ́wọ́, n kò sì lè gbé e mì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ó wá mú Àṣàbí lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Àṣàbí a máa pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ ìsinmi. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tí ó kọjá.

"Ìyáálé mi, ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ má jẹ gàrí lásán o, ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ dáná." Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ní kí Títí wá la irú ihò ọjọ́sí fún ìlú kan tí kò ní omi. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lókè òkun ni wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ó ní òun kò ṣe. Ó ní ẹni tí ihò kan wó mọ́ lọ́wọ́ nílùú rẹ̀ kò yẹ kó tún gbẹ́ òmíràn fún ọmọ ẹlòmíràn. Kì í sùn, Ìyáálé mi. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni ó máa ń gbọ́ tiyín."

Mo ní n ó bá a sọ̀rọ̀. Mo ti gbé fóònù náà lé etí lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó bá ti ní, "Màmá mi, ẹ káàárọ̀," n ó béèrè nípa ojú ọjọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ tí ó kù. Owú náà kò tíì tán. Bí mo bá rántí pé Àṣàbí ń bá a jẹun láràárọ̀, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, àyà mi a máa gbóná. Ìbẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀. Òun nìkan ni ó ń pè mí ní Màmá láyé yìí. Bí mo bá jẹ́wọ́, n kò mọ ohun tí yóò máa pè mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ ọ́ lórí fóònù kí oṣù tó parí, kí ó lè gba iṣẹ́ náà? Ṣé kí n wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, kí n wólẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ ná, èmi ìyáálé? Tàbí kí n kọ́kọ́ lọ bá ìgbìmọ̀ omi, kí wọ́n wú àwọn òrùka náà, kí gbogbo Èrúwà rí sìmẹ́ńtì tí mo ní kí wọ́n fi dí i? Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Títílọlá, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ọ láti ẹnu mi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sí Ìlọrin, Títílọlá gbé ìyá rẹ̀ jókòó sí iwájú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì padà wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní, "Màmá, ẹ kọ́ mi dáadáa, mo sì dójú tì yín níwájú gbogbo ìlú. Ẹ dárí jì mí." Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo sọ fún un pé mo ti dárí jì í. Láti ọjọ́ náà ni n kò tíì fojú kan òun àti ìyá rẹ̀ mọ́: ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kìn-ín-ní.